Káńsù tí Ewúrẹ́ Ń Sùn Lábẹ́ Katapílà Rẹ̀

Ìpàdé ìparí ọdún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogi, ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo tún un kọ fún àwọn ọmọ wa tí kò ráyè wálé, bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an, àfi ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti bò mí mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà ìlú, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ti Àbújá àti Èkó wálé ṣọdún, ọ̀kun o!

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìjọba. Ọ̀rọ̀ ìjọba fẹ̀, ibi tí mo mọ̀ nínú rẹ̀ ni màá dì mú. Ọdún 31 ni mo fi jókòó nídìí tábìlì owó ní káńsù, kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn sẹkitéríàtì tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹ ó rí katapílà kan níbẹ̀. Òjò àti oòrùn ti bó ọ̀dà rẹ̀. Táyà rẹ̀ ti rì wọlẹ̀, ìbẹ́pẹ ti hù níbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ máa ń wà, àwọn ewúrẹ́ sì ti sọ abẹ́ rẹ̀ di ilé. Èmi ni mo máa ń kọ ìwé owó dísù rẹ̀ nígbà kan. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró báyìí, a ó gbé e jáde, yóò máa ha ọ̀nà oko kiri títí ọyẹ́ yóò fi dé. Ọmọ Ìyàgbà kan ló ń wà á. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kan án, ó ń nù ún bí ẹni ń nu ọmọ tuntun.

Kò sí ogun tó jà níbẹ̀. Kò sí olè tó wá ní òru. Ní ọdún kan, owó táyà kò wọlé. Ní ọdún kejì, owó dísù kò wọlé. Ní ọdún kẹta, awakọ̀ fẹ̀yìn tì, wọn kò sì gba ẹlòmíràn síṣẹ́. Bí nǹkan ìjọba ṣe ń kú nìyẹn, wọ́ọ́rọ́wọ́, tí kò ní sí ẹni tí a ó bá pe lẹ́jọ́.

Ohun tí mo bá wá rèé: ìjọba wa kì í sí níbi tí a bá ti ń wá a, ibi tí a kò ti ránṣẹ́ pè é ló ti ń lágbára. Àwọn kan ní ìjọba ti pọ̀ jù, àwọn kan ní kò sí ìjọba rárá. Ìjọba kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣàpèjúwe.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìwé òfin 1999. Abala 7 ní ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn gbọ́dọ̀ wà. Àfikún Kẹrin ìwé òfin náà sì to iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, kíkó ilẹ̀, ṣíṣe ilé ìyàgbẹ́ fún gbogbo ènìyàn, títún ọ̀nà àdúgbò ṣe, gbígba owó ìwé àṣẹ lórí kẹ̀kẹ́, bárò, ọmọlanke, àní rédíò pàápàá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ bi àwọn àgbà, wọ́n san owó kẹ̀kẹ́ rí! Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí wolé-wolé tó ń ṣí ìkòkò omi wò nínú ilé, tí ìyá ilé ń sáré gbálẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Owó ń lọ, iṣẹ́ ń bọ̀. Ìyẹn ni mo ń pè ní ìjọba.

Ibo wá ni owó gbà? Abala 162 ìwé òfin kan náà ní kí owó àwọn káńsù ti Àbújá wá sínú àpò kan tí ìpínlẹ̀ dì mú, kí ìpínlẹ̀ tó pín in. Ẹ ti rí ọmọ tí wọ́n fi oúnjẹ rẹ̀ rán ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí àwo bá fi dé ọwọ́ rẹ̀, ọbẹ̀ ló kù. Àwa tó wà nídìí ìwé owó máa ń rí àkọsílẹ̀ iye tí káńsù wa gbà, a ó sì wo iye tó wà ní báńkì, a ó pa fáìlì dé. Ẹ̀yin tí ẹ gba owó oṣù onípásẹ́ńtì, ìyẹn apá kan owó oṣù dípò odindi, fún ọdún bíi mélòó kan mọ ibi tí mo ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a pé kí owó káńsù 774 tó wà ní Nàìjíríà máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, àti pé gómìnà kankan kò láṣẹ láti tú káńsù tí a dìbò yàn ká, kó wá fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹẹ́ rọ́pò rẹ̀. Mo jó lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi ni ẹlẹ́rìí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, a dìbò káńsù ní Kogi, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló sì kó àga alága ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 21. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹgbẹ́ yòówù tó bá wà lórí oyè. Ọdún kan kọjá lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, a ṣì ń jiyàn báńkì tí owó yóò gbà dé káńsù.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ ibi tí a kò ti pè wọ́n. Ní oṣù tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ìyá oníṣu kan láti Mọ́pà sí Kábà. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó sì kó tíkẹ́ẹ̀tì jáde, ó tò wọ́n sórí àpò iṣu bí ẹni tó fẹ́ ta á fún mi. Mẹ́rin ni: pupa kan, àwọ̀ ewé méjì, ọ̀kan tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ tí yíǹkì rẹ̀ ti ń ṣí. Mo wọ awò mi. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti káńsù tí iṣu yẹn kò gba ìtòsí rẹ̀ kọjá. Ọ̀kan kò ní iye owó lára. Mo ní, "Mama, kí ni wọ́n ní ẹ ń sanwó fún?" Ó ní, "Bàbá, wọn ò sọ. Igi ni wọ́n fi dínà."

Láti 1998 ni òfin àpapọ̀ ti wà tó ka owó orí àti owó òde tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà, òfin náà sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dínà láti gbowó. Mo ti kà á fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń dúró tì igi yẹn. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó pè mí ní "sà", ó wá gba owó ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa.

Àwọn bàbá wa mọ irú èyí. Nígbà tí agbára Bídà, ìlú ọba Nupe, tàn dé ilẹ̀ wa láyé ogun Nupe, ògbà ni wọ́n ń pe aṣojú tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ nílùú. Ògìdì wà lára àwọn tó gbé apá sókè sí i. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1897 ni ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó, wọ Kábà, a ní a bọ́, a tún di ẹni tó ń san owó orí fún òyìnbó. N kò fi ìjọba òní wé ti Bídà o, kí ẹnikẹ́ni má lọ kọ ọ́ sórí Facebook pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń sọ pé ó pẹ́ tí a ti ń sanwó fún ẹni tí kì í béèrè àlàáfíà wa.

Bí alágbára bá sì ti mọ́ ọn lára láti máa fi igi dínà, kò ní mọ sórí iṣu. Ní oṣù Kẹwàá 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ wa àti Dangote ń jà lórí ta ló ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Obajana, ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, àti lórí owó orí. Ìjà ìwé ni. Ẹjọ́ ilé ẹjọ́ ni. Fijilanté ni wọ́n kó lọ ti ilé iṣẹ́ náà pa. Mi ò mọ ta ló jàre nínú wọn, kò sì kàn mí níhìn-ín. Bí ó bá jẹ́ báyìí ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú olówó jù lọ ní Áfíríkà, ìyá oníṣu yóò ha rí àyè sọ̀rọ̀ bí?

Ní ti òfin tí kì í dúró lójú kan, ẹ̀yin gan-an lè sọ ọ́ jù mí lọ. Ní oṣù Kẹwàá 2022, Báńkì Àpapọ̀ ní òun fẹ́ pààrọ̀ owó. Ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní 2023 ni owó àtijọ́ yóò kú. Ó di ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Ìpínlẹ̀ wa, Kàdúná àti Zamfara gba ilé ẹjọ́ lọ, mo sì yìn wọ́n, nítorí ẹni tó bá ṣe dáadáa, ká sọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó. Ọjà kò gbà á. Ó di ọjọ́ 13 kí Báńkì Àpapọ̀ tó la ẹnu sọ pé kí a gbà á. Fún ọjọ́ mẹ́wàá, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó dún. Gálọ̀nù epo pupa kan ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi san owó ọkọ̀ láti Ìyàrá dé Kábà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Awakọ̀ kò ní ṣéńjì, ó bu epo díẹ̀ padà fún un.

Ẹ wo ti ilé ìwé. Ní oṣù Kọkànlá 2022, wọ́n ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí dé ìwé mẹ́fà. Inú mi dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ń rò ó pé èwo ni tiwa nínú ìwé Yorùbá tí wọ́n ti Ìbàdàn tẹ̀ wá, tí ọmọ Bùnú yóò kọ́kọ́ túmọ̀ kó tó yé e. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n ní ó ti parí, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní 2024 bákan náà, ọmọ tí kò tíì pé 18 kò ní wọ yunifásítì; kí ọdún náà tó parí, mínísítà mìíràn dé, ó di 16. Bí òbí ṣe ń ṣètò ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń tú u.

Èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Ní ọdún kan tí wọ́n ń yẹ òṣìṣẹ́ wò, mo dé ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wò mí, ó tún wo ẹ̀rọ. Wọ́n ti ṣi ọjọ́ ìbí mi àti ọjọ́ ìgbàsíṣẹ́ mi kọ fún ara wọn. Ó ní mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ìyá mi tó bí mi. Kí wọ́n lè tún un ṣe, mo gbọ́dọ̀ mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé owó káńsù wa. Èmi ni akọ̀wé owó káńsù wa. Mo padà sílé, mo kọ ìwé nípa ara mi, mo fọwọ́ sí i, mo lu òǹtẹ̀. Wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀. Oṣù mẹ́rin ni owó mi fi dúró.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kàn yìí yóò bí àwọn kan nínú. Àwa ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà lọ́wọ́ nínú ikú káńsù. Afárá fọ́, a dá owó. Ilé ìgbẹ̀bí jò, ọmọ wa ní Amẹ́ríkà rán dọ́là. Ó dára, ẹni tí ebi ń pa kì í dúró de ìpàdé. Ṣùgbọ́n nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá ṣe iṣẹ́ káńsù fún un, a kì í béèrè owó iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. A ó kàn pe alága káńsù kó wá gé rìbọ́nì, a ó fún un ní àga iwájú. Èmi tí mo wà nínú ilé lọ́hùn-ún ń sọ fún yín: ìwé owó afárá yẹn lè ṣì wà nínú fáìlì.

Nígbà tí mo ṣe tán, ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Lọ́kọ́jà dìde, ó bi mí pé bátìrì katapílà yẹn ńkọ́, ṣé òun náà jẹrà ni? Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Mo dá a lóhùn pé èmi ni mo kọ ìwé bátìrì tí a rà kẹ́yìn, pé ó wà nínú fáìlì, àti pé aráàlú láṣẹ lábẹ́ òfin 2011 láti béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì fún un láàárín ọjọ́ méje. Wọ́n yan àwọn mẹ́ta níbẹ̀ láti lọ béèrè rẹ̀ ní káńsù.

Wọ́n lọ ní ọjọ́ Ajé. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá fáìlì kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n padà wá ní Ọjọ́bọ̀.