Ìwé Pọ́ọ́kú Ní Yábàá: Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ má tíì sanwó! Ẹ gbé ìwé yẹn sílẹ̀ ná.

Ìdí méjì ló sábà máa ń sọ ìwé yunifásítì di pọ́ọ́kú ní Yábàá: bóyá ẹ̀dà àtijọ́ ni, bóyá ayédèrú ni. Ẹ̀dà àtijọ́? Ẹ rà á. Ayédèrú? Ẹ sá!

Ilé-iṣẹ́ tó tẹ ìwé kì í rí kọ́bọ̀ nínú àlòkù. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà tuntun fi ń jáde ní bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin síra, nígbà míì kó jẹ́ pé nọ́ńbà ìbéèrè ni wọ́n kàn tún tò. Ìṣirò ọdún kìíní kò kúkú yí padà. Ẹ ra àlòkù, kí ẹ fi fóònù ya ojú ìwé ìbéèrè nínú tuntun ọ̀rẹ́ yín. Ó tán. Ìwé owó-orí ni kò gba ìyẹn o: òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní 2025 ti sọ èyí tó wà nílẹ̀ di ìtàn.

Ibi tí ẹ ti ń ṣìṣe rèé. Ẹ máa ń ṣí orí kìíní, ẹ ó ní, "Ó mọ́ kedere." Á mọ́ kedere kẹ̀! Lẹ́tà ibẹ̀ tóbi. Ẹ LỌ SẸ́YÌN ÌWÉ. Ẹ wo táblì. Ẹ wo nọ́ńbà kékeré tó gun orí x. Ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni aláyédèrú ń yà, kó tó tún un tẹ̀, ohun tó bá tín-ín-rín ló sì ń kọ́kọ́ bà jẹ́: x² á di x tó ní ẹrẹ̀ lórí, póìntì inú 1.96 á pòórá, ó di 196. Ẹ gbé ìyẹn wọ ìdánwò sìtatísíìkì, ká wò ó! Ní Balógun, ta ló ń ra àǹkárá láì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò?

Ẹ má sì sọ fún mi pé ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, wà lára ẹ̀. Ṣebí odindi èèpo ni wọ́n dà kọ.

Ó ku ewé tó sọnù. Takàdá ńlá ni wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n á ṣẹ́ sí ojú ìwé 16 tàbí 32, kí wọ́n tó tò wọ́n léra. Ìdì kan bá bọ́, ojú ìwé 16 lọ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Ẹ wá ojú ìwé 10, 20, 30, títí dé òpin. Kí ẹ tún ṣí àárín rẹ̀ gbalaja: tí gọ́ọ̀mù bá dún pàù, ewé á máa já kí sẹ̀mẹ́sítà tó parí.

Owó ò sí rárá? Ìwé OpenStax ti Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2012. Físíìsì, bàọ́lọ́jì, ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀ báyìí. Ẹ wà á jáde, kí ẹ gbé orí tí ẹ nílò nìkan lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ojú méjèèjì, dúdú àti funfun, kí wọ́n fi wáyà dè é lẹ́yìn.