Ta Ni Ọmọ Yóò Sọ Fún Bí Ọ̀ràn Bá Bẹ́ Lórí Fóònù?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí níbi irú ìjókòó báyìí ni pé ọmọ ọdún mélòó ló yẹ kó wà lórí sósíà mídíà. Ẹ jẹ́ ká tètè kúrò nídìí ìyẹn. Facebook, Instagram àti TikTok ò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1998 nítorí àwọn tó ń gba ìsọfúnni lọ́dọ̀ ọmọdé ni 13 yẹn ti jáde. Kò sí dókítà tó yẹ ọpọlọ ọmọ wò kí wọ́n tó mú un. Ọsirélíà ti sún un sí 16 láti oṣù Kejìlá ọdún 2025, iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì ló sì máa san owó ìtanràn, kò kan òbí tàbí ọmọ. Àmọ́ ta ni ò mọ̀ pé ọmọ ọdún 11 lè tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé ẹni ọdún 25 lòun?

Irọ́ yẹn sì ń dá nǹkan sílẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni Instagram ti ń ti àkáùǹtì ọ̀dọ́langba pa fúnra rẹ̀: ẹni tí ọmọ ò gbà láyè ò lè rí ohun tó gbé síbẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé 16 ò sì lè ṣí i láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i. Ọmọ tó ti pe ara rẹ̀ ní ẹni ọdún 25 ò sí lábẹ́ ààbò yẹn. Ẹ délé, ọjọ́ ìbí inú àkáùǹtì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù. Ọmọbìnrin arẹwà kan kí ọmọkùnrin ọdún 15 lálẹ́ lórí Instagram. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà méjì ti ń tẹ̀ lé e níbẹ̀, nítorí náà ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n bọ́ sí Snapchat, torí pé àwòrán ibẹ̀ máa ń pòórá. Ọmọbìnrin yìí fi ìhòòhò rẹ̀ ránṣẹ́, ó ní ó kan tìrẹ. Ọmọ náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ohùn yí padà lójú ẹsẹ̀: "Àwòrán rẹ rèé, orúkọ ìyá rẹ rèé, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ rèé. Sanwó báyìí." Ọmọbìnrin kankan ò sí níbẹ̀ rí, gbájúẹ̀ ni. FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ pé àwọn ọmọkùnrin ọdún 14 sí 17 ni wọ́n sábà máa ń dọdẹ wọn báyìí, àwọn mìíràn sì ti para wọn.

Kí ló dé tí ọmọ náà ò pariwo? Ó rántí ohun tí òbí rẹ̀ wí: "Ọjọ́ tí mo bá rí ìranù lórí fóònù yìí, màá fọ́ ọ mọ́lẹ̀." Àwa la ti pa á lẹ́nu mọ́ kí olè tó dé.

Ẹ sọ fún un lónìí pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ ò ní gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé ó sọ. Bó bá sọ, ẹ má sanwó. Ẹni tó bá san lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á padà wá bá a. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù níbi tí ọ̀rọ̀ náà wà, ẹ fẹjọ́ sun ìkànnì àti ọlọ́pàá, kí ẹ tó dínà mọ́ ẹni náà. Ìkànnì kan wà tó ń jẹ́ Take It Down, ọ̀fẹ́ ni. Ó máa ń fún àwòrán ọmọ ní àmì ìdánimọ̀ lórí fóònù rẹ̀ gan-an, àmì yẹn nìkan ló ń lọ, àwòrán ò kúrò níbẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ tó bá a ṣe pọ̀, tí Facebook àti Instagram wà lára wọn, á wá fi àmì náà wá a kàn kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò.

Ẹnì kan bi mí bóyá kóun máa yọ́ ka ọ̀rọ̀ ọmọ òun. Mi ò fara mọ́ yíyọ́. Ọmọ ọdún 13, ẹ sọ fún un kí fóònù tó dọ́wọ́ rẹ̀ pé ẹ óò máa wò ó, kí ẹ sì wò ó lójú rẹ̀. Tó bá ti di 17, ẹ máa bi í léèrè ni, kí ẹ sì ní sùúrù gbọ́ ìdáhùn tí kò dùn.