Èyí tí kò bá a mu ńkọ́?

Ìlọrin ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti yọ ibi tí iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo bò mí mọ́lẹ̀. Àwàdà mi, mi ò yọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bínú sí mi lọ́jọ́ náà, ààyè wà láti tún bínú.

Alága, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n fagbára kó wá síbí, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ń wo fóònù, mo rí yín.

Ìbéèrè kan ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n ń pe ìlú yìí ní Ìlọrin?

Ẹ gbọ́ ọ bí? Apá ọ̀tún ní Ìlọ-irin, apá òsì ní Ìlú-erin. Ìjà yìí dàgbà jù mí lọ, mi ò níí là á lónìí. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìlọ irin, ẹ sọ pé òkúta kan ni àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ibí dó fi ń pọ́n irin wọn, òkúta náà sì wà nílùú yìí títí dòní. Ó dáa. Ẹ̀yin mélòó nínú gbọ̀ngàn yìí lẹ ti fẹsẹ̀ ara yín rìn débẹ̀ lọ wò ó? Ẹ nawọ́ sókè.

Ọwọ́ mẹ́rin. Ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìtòsí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kò sí bó ṣe lè gbà tí kò níí rí i.

Ẹ rí i báyìí, a lè fa ọ̀rọ̀ òkúta yìí títí ilẹ̀ á fi mọ́, kó má sì sí ẹni tó máa dìde lọ wo òkúta. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Ọdún 31 ni mo fi ṣe tíṣà, ní Ọ̀mù-Àrán àti ní Ọ̀fà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sì ń tún sọ fáwọn ọmọ títí wọ́n fi sọ mí ní Tíṣà Ńkọ́. Bó o bá rí ìdí nǹkan, tó sì dá ẹ lójú gan-an, bi ara rẹ: èyí tí kò bá a mu ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú ibà. Ìyá mi, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, oòrùn ni wọ́n gbà pé ó ń fa ibà. Oòrùn àti epo ẹ̀pà. Bá a bá ti oko dé nírọ̀lẹ́ tí orí ń fọ́ wa, ó parí: "Mo ní kẹ́ ẹ má dúró sínú oòrùn, ẹ̀yin ọmọ yìí." Àgbo á ti wà lórí iná nìyẹn, ewé dóńgóyárò, èèpo máńgòrò, ewé ìbẹ́pẹ, ó ń hó gùdùgùdù. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má fi ìyá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo nǹkan. Wọ́n rí i pé àwa tá à ń lọ sóko ni ibà ń gbé dè, oko sì ni oòrùn ti ń pa èèyàn. Àkíyèsí gidi nìyẹn, àfi pé àárín ọ̀nà ló dúró sí.

Ẹ̀yin náà ẹ dáhùn: oṣù wo ni oòrùn ń mú jù níbí? Oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, àbí? Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ dúró ní Pósíọ́fíìsì lágogo méjì ọ̀sán. Ìgbà wo wá ni ibà ń pọ̀ jù? Ìgbà òjò! Ìgbà tí ìkùukùu ti bo oòrùn, tí ara tu gbogbo wa. Bó bá jẹ́ pé oòrùn ni ìyá ibà, oṣù Kẹta ló yẹ kí ilé ìwòsàn kún àkúnya. Kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri yàrá wa ti ń já ìyá mi nírọ́ látìgbà tí wọ́n ti so ó kọ́, kò sẹ́ni tó wojú rẹ̀. Èmi náà ò wò ó. Mo ti di tíṣà kó tó yé mi.

Kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn ará Ítálì ní afẹ́fẹ́ burúkú tó ń ti inú àbàtà jáde ló ń fa àìsàn yìí, ibẹ̀ gan-an ni orúkọ "malaria" ti wá. Wọ́n rí àbàtà, wọn ò rí ẹ̀fọn tó ń fò lórí rẹ̀. Ọdún 1880 ni dókítà ológun Faransé kan, Alphonse Laveran, tó wà ní Àlùjíríà, fi maikirosikóòpù wo ẹ̀jẹ̀ sójà tí ibà ń ṣe, tó rí nǹkan tín-ín-tín kan tó ń mira nínú rẹ̀. Kò yá àwọn dókítà ẹgbẹ́ ẹ̀ lára láti gbà á gbọ́.

Ronald Ross ni tèmi. Kì í ṣe torí pé orí ẹ̀ pé ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀. Dókítà ni, ó wà ní Íńdíà, ó ń la ikùn ẹ̀fọn láti wá nǹkan tín-ín-tín tí Laveran rí, nǹkan bí ọdún méjì, kò rí nǹkan kan. Irú ẹ̀fọn tí kò yẹ ló ń là! Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 1897, ọwọ́ rẹ̀ tẹ irú mìíràn, tí ìyẹ́ rẹ̀ ní àmì tótòtó. Aláìsàn kan wà tó ń jẹ́ Husein Khan. Ross ní kí aláìsàn náà jẹ́ kí ẹ̀fọn wọ̀nyí jẹ ẹ́, ó sì san ánà kan, owó kékeré Íńdíà, fún un lórí ẹ̀fọn kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni, owó ni wọ́n san fún un. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ti ń jẹ èmi láti kékeré. Ní ogúnjọ́ oṣù náà, ó rí i lára ògiri ikùn ọ̀kan nínú wọn: nǹkan róbótó tó ní àwọ̀ dúdú nínú, irú àwọ̀ dúdú tí wọ́n ti mọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ oníbà.

Gbogbo ẹ̀fọn tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ni wọ́n ṣe fún un. Àwọn ló jẹ́ kó mọ̀ pé irú ẹ̀fọn mìíràn ló yẹ kóun wá lọ.

Ẹ wá fi í wé ọ̀gbẹ́ni kan tó ń polówó àgbo lórí rédíò. Mi ò níí dárúkọ rẹ̀, ẹ mọ ohùn rẹ̀. Mo pè é lórí fóònù. Mo ní, "Ọ̀gá, àwọn tí kò san fún ńkọ́?" Ó ní àwọn yẹn ò mu ún bó ṣe yẹ ni. Mo ní àwọn tó mu ún bó ṣe yẹ ńkọ́? Ó ní bí wọ́n bá mu ún bó ṣe yẹ, wọn ì bá ti san. Mo kí i kú iṣẹ́, mo pa fóònù. Kò sí ibi tèèyàn lè gbà wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, kò ṣí ilẹ̀kùn kankan sílẹ̀.

Ẹ̀yin onísáyẹ́ǹsì tẹ́ ẹ ń pàtẹ́wọ́, ẹ rọra. Ó kàn yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ "àgbo" tẹ́ ẹ ti yínmú, ẹ ò wò ó náà. Tu Youyou, ará Ṣáínà, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń wá oògùn ibà láàárín ewé àtijọ́. Ewé kan wà tó ń jẹ́ lónìí tí kì í jẹ́ lọ́la. Kàkà kó jù ú nù, ó padà lọ ka ìwé ìṣègùn kan tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún àtààbọ̀. Ìwé náà kò ní kí wọ́n se ewé yẹn o. Inú omi ni wọ́n ní kí wọ́n rẹ ẹ́ sí, kí wọ́n fún un mu. Ó kà á, ó dúró, ó rò ó: àbí iná ló ń ba oògùn inú rẹ̀ jẹ́? Ó yọ ọ́ láìfi iná ńlá sí i, ó sì ṣiṣẹ́. Inú ewé yẹn ni oògùn ibà tẹ́ ẹ ń rà ní kẹ́míìsì lónìí ti wá. Ọdún 2015 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ìyá mi tó ń fi iná tó ń jó bùlàbùlà se gbogbo ewé, mo máa ń ronú kàn wọ́n bí mo bá rántí obìnrin yìí.

Alága ti ń wo aago. Mo mọ̀, ìdajì àkókò mi ló bá ibà lọ. Màá sáré.

Ẹ̀yin àlùfáà wa, tiyín rèé. Ibn al-Haytham, Basra ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 965, Káírò ló ti ṣe iṣẹ́ ńlá rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀. Euclid àti Ptolemy, àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìkì, ti sọ pé nǹkan kan ló ń ti ojú wa jáde lọ fọwọ́ kan ohun tá à ń wò. Òun ní: ó dáa, kí ló dé tí ojú fi ń ta èèyàn bó bá wo oòrùn? Ẹni tó ń jáde lọ kọ́ ni wọ́n ń nà nínú ilé. Ó wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ihò kékeré kan lára ògiri, ó to àtùpà síta. Iye àtùpà tó wà níta ni iye ojú ìmọ́lẹ̀ tó hàn nínú yàrá. Bí wọ́n bá bo àtùpà kan, ojú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló ń lọ. Ó tún kọ odidi ìwé kan lórí ibi tí ọ̀rọ̀ Ptolemy kò ti tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mùsùlùmí ni o. Nítorí náà ẹni tó bá jókòó ní Ìlọrin, ìlú onímọ̀, tó ní ìbéèrè ń ba ìgbàgbọ́ jẹ́, kó lọ bá Ibn al-Haytham jà, kó fi mí sílẹ̀.

Ìlú Ẹ̀síẹ́, ní Kwara wa níbí, ni mo fẹ́ fi ṣe ọkàn ọ̀rọ̀ mi, ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù. Àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ sì mọ ìtàn àwọn àlejò tó di òkúta, mi ò níí pa á. Ọdún 1933 ni alábẹ̀wò ilé-ìwé kan, Ramshaw, kọ̀wé nípa wọn fáyé gbọ́, wọ́n sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ lọ wo irun orí wọn. Ẹ wo ilà ojú, ẹ wo ẹni tó mú àdá dání, ẹ wo àpótí tí wọ́n jókòó lé. Ẹ wò wọ́n fún wákàtí kan kẹ́ ẹ tó sọ fún mi ibi tí wọ́n ti wá. Frobenius ará Jámánì dé Ifẹ̀ ní 1910, ó rí orí ère tó dára, ó ní kò lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ dúdú, ó ní ará Atlantis ló ṣe é. Ilà ojú ère wà níwájú rẹ̀! Ọdún 1938 ni wọ́n gbẹ́lẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, ní Ifẹ̀ kan náà, tí orí ère bàbà sì ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni náà ti dé pẹ̀lú ìdáhùn nínú àpò rẹ̀.

Mo ṣì ní ojú ewé mẹ́rin lọ́wọ́ nígbà tí alága gba gbohùngbohùn. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn béèrè ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti yí padà, torí náà màá kọ ọ́ bó ṣe lọ.

Àlájà kan dìde láàárín, láti Òkèlele. Wọ́n ní:

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòkò ni mò ń mọ. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi, wọ́n sì ní bí ẹni tí inú ń bí bá dúró nídìí iná, ìkòkò á fọ́. Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ, èmi ni ẹni tí inú ń bí. Ìkòkò yòówù tó bá fọ́, ọrùn mi ni."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Àlájà ní kò dùn mọ́ àwọn o. Ni wọ́n bá ń sàmì. Kì í ṣe èédú, iná á jó o nù. Bí ìkòkò bá ṣì tutù, wọ́n á fi ṣuku àgbàdo fa ìlà sí ìdí rẹ̀: èyí tí òjò kò jẹ́ kó gbẹ tán, ìlà kan, èyí tó gbẹ dáadáa, ìlà méjì. Odidi ọdún méjì. "Àwọn onílà kan ló ń fọ́. Bí inú bí mi, bí inú mi dùn."

Inú mi dùn débi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Mo já ọ̀rọ̀ gbà, mo ń ṣàlàyé: omi tó kù nínú amọ̀ á di ooru nínú iná, á máa wá ọ̀nà tó máa gbà jáde, kò níí rí, á la ìkòkò. Mo ti ń pe gbogbo gbọ̀ngàn kí wọ́n wá wo àpẹẹrẹ.

"Mo mọ ìyẹn, Tíṣà. Mi ò tíì béèrè ìbéèrè mi." Wọ́n dúró kí ariwo rọlẹ̀. "Lọ́dún tó kọjá, onílà méjì, mẹ́ta, fọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n gbẹ bí egungun. Èyí tí kò bá a mu ńkọ́?"

Ẹ gbọ́ ariwo. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn gbé fóònù sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́.

Ẹnjiníà kan ní ó ṣeé ṣe kí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú amọ̀. Wọ́n ní rárá, àwọn fúnra àwọn ló gún un tí àwọn sì jọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní bóyá afẹ́fẹ́ gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àlájà dákẹ́ díẹ̀. "Afẹ́fẹ́, mi ò sàmì rẹ̀." Bàbá kan tó wà níwájú, tó ti ń tòògbé látìgbà ibà, wá là á: "Ṣé inú ò bí yín lọ́jọ́ náà, Àlájà?"

Wọ́n ní, "Inú bí mi, bàbá. Inú bí mi gidigidi. Ìdí tí mo fi wá béèrè nìyẹn."

Mi ò rí nǹkan sọ. Mo ti fi wákàtí kan sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má gbójú kúrò lára èyí tí kò bá a mu, èmi ni mo sì ń wá ọ̀nà tí màá gbà gbé tiwọn jù sẹ́yìn. Nígbà tí mo padà rí ohùn, mo ní bóyá ẹni tí inú ń bí kì í fi sùúrù to igi, bóyá ó ń ju igi sínú iná ni, tí iná á ràn lẹ́ẹ̀kan náà tí kò níí jẹ́ kí ìkòkò gbóná díẹ̀díẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìyá ọkọ wọn rí nǹkan. Àlájà ní, "Bóyá." Wọn ò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Alága gbàdúrà ìparí lórí wa. Lẹ́nu ọ̀nà, Àlájà ní bí mo bá fẹ́ mọ̀, ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n tún máa sun ìkòkò, kí n wá láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó tanná. Mo ní màá wá. Wọ́n wo agbádá mi láti òkè délẹ̀, wọ́n ní kí n má wọ funfun.