Tàn Gba Inú Rẹ̀, Olúwa

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará mi. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ni kò rí oorun sùn lọ́sẹ̀ yìí. Èmi náà ò rí sùn.

Oṣù Kẹfà la wà yìí, ilẹ̀ sì ń tètè mọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí agogo márùn-ún ìdájí tó lù, oòrùn ti ń yọ. Mo ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ lánàá, mo gba inú Richmond Park, ọgbà ńlá tí àgbọ̀nrín ti ń jẹ̀ káàkiri. Kùrukùru bolẹ̀ débi pé ìwo àgbọ̀nrín nìkan ni mo rí, mi ò rí ara rẹ̀. Mo ń kùn sí Ọlọ́run. Ìwé ìgbélùú tí mò ń retí kò tíì jáde, ọmọ mi wà ní Ìbàdàn, ọdún kẹta rèé tí mi ò fojú kàn án. Èwo ni ti kùrukùru lórí ìyẹn?

Àfi bí oòrùn ṣe yọ lẹ́yìn igi óákù ńlá kan! Ìtànṣán gba àárín ẹ̀ka wọlé, ó tò gbọọrọ bí òwú orí òfì. Mo fa fóònù yọ, mo sún títí ìdí igi fi bo ẹyinjú oòrùn, torí bí kò bá bò ó, funfun báláú lásán ni àwòrán yóò jẹ́. Mo yà á. Mo wá yíjú síbi tí kùrukùru ti ká, mo tún yà á. Oòrùn kan náà ni, ṣùgbọ́n koríko nìkan ló wà nínú àwòrán.

Mo bá rántí ilé ìdáná ìyá mi, páànù rẹ̀ lu. Ìgbà tí èéfín igi bá kúnlé ni àwa ọmọdé máa ń rí ìmọ́lẹ̀ tó dúró bí ọ̀pá, tí a ó máa nawọ́ gán an. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kùrukùru: ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń bà lé kí ojú wa tó rí ipa ọ̀nà rẹ̀. Nínú Ẹ́kísódù 20:21, Mósè súnmọ́ òkùnkùn biribiri, ibẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run wà. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, a dúpẹ́ tí ilẹ̀ mọ́ bá wa. Dárí kíkùn wa jì wá. Ìwọ tó ń mú oòrùn yọ láìpariwo, jí ìrètí tó ti sùn nínú wa.

Ohun tó bo ọ̀nà wa, Olúwa, tàn gba inú rẹ̀! Tàn gba inú lẹ́tà tí kò dé. Tàn gba inú àyẹ̀wò tí èsì rẹ̀ ń já wa láyà. Tàn gba inú gbèsè, tàn gba inú ilé tí tọkọtaya ti ń bára wọn yodì. Ìyá tó ń fi fóònù tọ́mọ, Olúwa, jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ dirun ọmọ rẹ̀!

Kùrukùru tí ọ̀tá dá láti fi ṣì wá lọ́nà, Oòrùn òdodo, yọ, kó gbẹ! Kó gbẹ láàárọ̀ yìí! Èyí tí ìwọ fúnra rẹ fi sílẹ̀, fún wa lójú tí a ó fi rí ọ nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan kò ṣe lè fi àtẹ́lẹwọ́ bo oòrùn, kí ẹnìkan má lè bo ògo wa. Ẹni tó ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì òwúrọ̀, nu ojú rẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀.

Ọmọ mi, Olúwa. Jẹ́ kí n gbá a mọ́ra kí ọdún yìí tó parí. Ní orúkọ Jésù Kristi. Àmín, àmín, àṣẹ.