Ṣé lóòótọ́ ni oògùn méjì yìí bára dọ́gba?

Ẹ fojú inú wo ìlà méjì lórí àwòrán ìṣirò. Ọ̀kan jẹ́ ti oògùn tó kọ́kọ́ jáde, èkejì jẹ́ ti èyí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe tẹ̀ lé e. Wọ́n ń fi bí oògùn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ hàn, láti wákàtí dé wákàtí. Ibi tí ìlà ga dé là ń pè ní Cmax. Gbogbo àyè abẹ́ rẹ̀ ni AUC.

Ènìyàn kan náà ló máa lo oògùn méjèèjì, kí á lè fi ara rẹ̀ wé ara rẹ̀. Ìdajì àwọn tó kópa nínú ìdánwò á fi ti àtijọ́ bẹ̀rẹ̀, ìdajì á fi tuntun bẹ̀rẹ̀. A ó sì dúró kí ti àkọ́kọ́ jáde lára tán kí wọ́n tó lo èkejì.

Ibi ìṣirò gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á wá ìyàtọ̀. Bí wọn ò bá rí i, wọ́n á ní oògùn méjèèjì dọ́gba. Ó tì o! Ẹni tó fi àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ wá abẹ́rẹ́, tí kò rí i, kò lè búra pé abẹ́rẹ́ ò sí níbẹ̀. Bí àwọn tí a yẹ̀ wò bá kéré, ìyàtọ̀ ńlá pàápàá lè fara pamọ́.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tí Schuirmann, onímọ̀ ìṣirò kan, ṣàlàyé lọ́dún 1987 fi yí ẹjọ́ náà padà. A ó kọ́kọ́ gbà pé wọn ò dọ́gba. Ilé-iṣẹ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá. Ìdánwò méjì ni: ọ̀kan láti fi hàn pé Cmax àti AUC ti tuntun kò lọ sílẹ̀ ju 80% ti àtijọ́ lọ, èkejì pé kò ga ju 125% lọ. Ẹ má bínú sí 125 yẹn, lọ́gárídímù la fi ń ṣírò, 100 tí a bá sì fi 80 pín, 1.25 ló ń jẹ́.

Ní ṣókí, àlà ìdánilójú 90%, ìyẹn láti iye tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù tí ìṣirò fi hàn pé ìdá tuntun sí ti àtijọ́ lè jẹ́, gbọ́dọ̀ wọ inú 80 sí 125 pátápátá. Bí ó bá jẹ́ 88 sí 103, ó yege. Bí ó bá jẹ́ 76 sí 131 ńkọ́? Ó kùnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 100 géérégé! Nítorí náà, irọ́ ni ohun tí àwọn kan ń sọ pé òfin yìí gbà kí oògùn dín ní 20%. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, fún oògùn tí ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú ìwọ̀n rẹ̀ lè ṣe jàǹbá, wọ́n ń dín àyè 80 sí 125 yẹn kù sí 90.00 sí 111.11.