Àgbò Yó, Owó Ìdánwò Ọmọ Kò Sí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè wọ inú ọ̀rọ̀, nítorí pé ohun tí mo rí lọ́sẹ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ní ọjọ́ Àtàláátà, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, obìnrin kan tí ó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú wá bá mi ní ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ó di ìwé kan mú. Ìwé iye owó ìdánwò àṣejáde ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, ọjọ́ tí wọn yóò sì pa ìforúkọsílẹ̀ dé ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ kí a bá òun tọrọ sàráà láàárín jámáà ni. Ó ní rárá, owó náà ti wà nílẹ̀ láti oṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ọkọ òun ti mú owó ìtọ́jú àgbò rẹ̀, àti pé ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ó tún bèèrè èrè ọjà òun, kí dókítà ẹran lè padà wá lẹ́ẹ̀kẹrin. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó dùn mí jù: “Àáfà, ẹ má rò pé mo kórìíra ẹran yẹn o. Èmi ni mo ń gé koríko fún un.”

Mo tọ ọkọ rẹ̀ lọ ní ọjọ́ kejì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá ẹni tí ó jẹ́ kiri Abẹ́òkúta, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ni a jọ ọ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá. Ìlà iwájú ni ó máa ń dúró sí ní ìrun Àsùbáà, n kò sì gbọ́ rí pé ó jẹ gbèsè tí kò san. Àgbò náà ti lò ju ọdún 2 lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́ ilé onípáànù fún un, ó ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí i, àpò-àpò ni ó sì ń ra èèpo ẹ̀wà àti eèrí ọkà, nígbà tí èèpo ẹ̀gẹ́ tí a lè sá gbẹ, irú èyí tí àwọn bàbá wa fi ń bọ́ ẹran, wà ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ní tòsí ilé rẹ̀. Bí mo ti jókòó ni ẹran náà wá, ó fi iwájú orí nu orúnkún mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá etí agbádá mi. Mo jẹ́wọ́ pé ọkàn mi rọ̀. Ọ̀rọ̀ líle tí mo gbé wá láti ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo wá sọ̀rọ̀, ó fún mi lésì láti inú wáàsí èmi fúnra mi. Ó ní, “Àáfà, ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa pé obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò. Ṣé ẹ fẹ́ kí èmi wọ iná nítorí àgbò ni?”

Èsì náà kì í ṣe kékeré, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Òtítọ́ ni pé hádíìsì náà, ọ̀rọ̀ tí a gbà wá láti ẹnu Ànábì, wà nínú ìwé Bukhari àti ìwé Muslim. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ dé òpin. Ànábì kò sọ pé obìnrin náà kò ná owó tó lórí ológbò. Ó ní ó tì í mọ́lé, kò fún un ní oúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ máa jẹ nínú àwọn kòkòrò ilẹ̀. Ìlẹ̀kùn méjì ni ó wà níwájú rẹ̀: kí ó bọ́ ọ, tàbí kí ó yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó di ẹ̀mí mú, ó sì kọ̀ láti gba ọ̀kankan nínú ìlẹ̀kùn méjèèjì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ fiqh, ìyẹn òfin ẹ̀sìn, fi sọ pé ẹni tí kò bá lè bọ́ ẹran rẹ̀ mọ́, dandan ni kí ó tà á, tàbí kí ó fi háyà, tàbí kí ó pa á bí ó bá jẹ́ èyí tí a lè jẹ. Nítorí náà mo dá ọkùnrin náà lóhùn pé: “Ìwọ ni o mú ọ̀rọ̀ ológbò wá. Ta wá ni ìwọ tì mọ́lé báyìí? Àgbò lè rí ẹlòmíràn tí yóò bọ́ ọ. Ọmọ rẹ kò lè rí bàbá mìíràn.”

Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí a má fẹ́ràn ẹran. Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ ni ó sọ nínú Sùúrà Nahl pé ẹwà ń bẹ fún wa lára àwọn ẹran ọ̀sìn nígbà tí a bá ń kó wọn bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́ àti nígbà tí a bá ń kó wọn lọ jẹ̀ ní òwúrọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ó kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí pé ìgbà náà ni wọ́n ń yó bọ̀. Bí ẹ bá ti rí àgbò tí ó yó rí, ẹ ó mọ ohun tí mo ń wí.

Hádíìsì tí mo fẹ́ kí a gbé lọ sílé lónìí ni èyí tí Abu Hurairah gbà wá, Abu Hurairah tí ìtumọ̀ orúkọ àlàjẹ́ rẹ̀ jẹ́ Bàbá Ọmọ Ológbò, nítorí náà kì í ṣe ẹni tí a lè kọ́ ní ìfẹ́ ẹran. Ànábì sọ pé ẹṣin wà fún ènìyàn mẹ́ta: láádá ni fún ẹnì kan, ìbòrí àṣírí ni fún ẹnì kejì, ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ni lọ́rùn ẹnì kẹta. Ẹni àkọ́kọ́ so ẹṣin rẹ̀ nítorí ti Ọlọ́hun, ó sì fi okùn gígùn sílẹ̀ fún un nínú pápá koríko. Gbogbo ibi tí okùn náà bá gùn dé tí ẹṣin náà ti jẹun, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní iṣẹ́ rere fún olówó rẹ̀. Bí ẹṣin náà bá já okùn, tí ó sáré gun òkè kan tàbí méjì, wọ́n ń kọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ní iṣẹ́ rere, títí kan ìgbẹ́ rẹ̀! Bí ó bá gba etí odò kọjá, tí ó mu omi níbẹ̀, tí olówó rẹ̀ kò tilẹ̀ gbèrò láti fún un lómi, wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹṣin ń sáré, ọkùnrin náà lè ti sùn, láádá rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ẹnì kejì ń sìn ín kí òun má baà tọrọ lọ́wọ́ ènìyàn, kò sì gbàgbé ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun tí ó wà ní ọrùn àti ẹ̀yìn ẹṣin náà. Ẹṣin bo àṣírí rẹ̀. Ẹnì kẹta so tirẹ̀ nítorí ìgbéraga, ṣekárími àti ìkórìíra sí àwọn Mùsùlùmí. Koríko kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ, omi kan náà ni wọ́n ń mu, ṣùgbọ́n ìwé àwọn olówó wọn yàtọ̀.

Àwọn ará Ìjẹ̀bú tí wọ́n mọ ẹṣin jù wá lọ lè rẹ́rìn-ín pé àgbò ni ará Abẹ́òkúta ń fi wé ẹṣin. Kò burú. Ìbéèrè mi ni pé, nínú ènìyàn mẹ́ta yìí, èwo ni ẹni tí ẹran rẹ̀ tú àṣírí ilé rẹ̀ síta, tí ìyàwó rẹ̀ fi di ìwé mú dúró ní ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí?

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí kò mọ́ tán. Ológbò kan wà nílé wa tí mo máa ń ra ẹja fún, títí di ọjọ́ kan tí ìyá àwọn ọmọ mi rọra sọ pé, “Àáfà, ẹja ológbò yín ti tóbi ju ẹja inú ọbẹ̀ wa lọ o.” Ojú tì mí. Eegun ẹja àti ìṣẹ́kù ẹ̀bà ni ológbò náà ń jẹ láti ọjọ́ náà, ó sì sanra jù mí lọ.

Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, n kò ní fi ẹ̀rín sọ ọ́ mọ́. Ànábì wí pé ó tó ní ẹ̀ṣẹ̀ fún ènìyàn láti fi àwọn tí ó ń bọ́ ṣòfò. Ó tó, ni ó wí! Bí kò bá tilẹ̀ mutí, tí kò jalè, tí kò pa ìrun jẹ, èyí nìkan tó láti sọ ọ́ di ẹlẹ́ṣẹ̀. Nínú ìwé Muslim, ó ka dínárì, owó wúrà ayé ìgbà náà, tí a ná sí ojú ọ̀nà Ọlọ́hun, èyí tí a fi dá ẹrú sílẹ̀, èyí tí a fún tálákà, ó sì ní èyí tí a ná lórí ará ilé ẹni ni láádá rẹ̀ tóbi jùlọ. Bí ìnáwó lórí ará ilé bá ga ju sàráà lọ, níbo ni owó eèrí ọkà wà? Ìwọ ọkùnrin tí o mọ iye tí àgbò rẹ ń jẹ lọ́sẹ̀, tí o kò mọ kíláàsì tí ọmọ rẹ wà, bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Iléyá ń sún mọ́ wa lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ yìí sì ń burú sí i. Abu Ayyub, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé, sọ pé láyé Ànábì, ẹran kan ṣoṣo ni ọkùnrin máa ń pa fún ara rẹ̀ àti gbogbo ará ilé rẹ̀, wọn yóò jẹ, wọn yóò sì fún ènìyàn jẹ, títí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe fáàrí. Láyé àwọn sàhábé ni ó ti rí i. Kí ni yóò sọ bí ó bá dé Láfẹ́ńwá, ní Abẹ́òkúta wa níbí, ní ọ̀sẹ̀ Iléyá?

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹran kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú ará ilé rẹ̀, kí wọ́n ka owó oúnjẹ rẹ̀ fún oṣù kan, kí wọ́n sì ya owó dókítà sọ́tọ̀ kí àìsàn tó dé. Ìgbẹ́ gbuuru àti ikun imú tí ó bẹ̀rẹ̀ wàhálà àgbò yìí lè jẹ́ àrùn tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní PPR, tí ó máa ń pa àgùntàn àti ewúrẹ́ lọ rẹpẹtẹ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ń dáàbò bo ẹran fún ó kéré tán ọdún 3, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ìtọ́jú. Bí àìsàn bá dé náà, ẹ bi dókítà ní gbangba bóyá ẹran náà yóò yè, tàbí ìrora rẹ̀ ni a kàn ń fi owó fà gùn. Bí ẹ bá sì pinnu láti dúńbú rẹ̀, ẹ pọ́n ọ̀bẹ yín, kí ẹ sì bèèrè iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tí ó gbà kẹ́yìn kí ẹran rẹ̀ tó ṣeé jẹ.

Ọkùnrin náà kò tíì sọ ìpinnu rẹ̀ fún mi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa àgbò náà lórí, ó sì ní kí n fún òun ní àyè di Jímọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń sunkún. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọmọ náà ni ó sọ ẹran náà lórúkọ, ọmọ náà ni ó sì ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kí ó má tà á. Lẹ́yìn ìrun òní, ilé wọn ni mò ń lọ. Mo ti ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ pé kí ó má ṣe se oúnjẹ dè mí.