Urszula Dudziak: ohùn tí kò nílò ọ̀rọ̀

Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀yin olólùfẹ́ orin. Urszula Dudziak lobìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, ará Póláǹdì ni, orin jáàsì ló sì ń kọ. Ìró ẹnu ló pọ̀ jù nínú orin rẹ̀, ọ̀rọ̀ ò tó nǹkan.

Ọdún 1943 ni wọ́n bí i ní Straconka, tó ti di ara ìlú Bielsko-Biała báyìí. Abẹ́ ìjọba kọ́múníìsì ló dàgbà sí. Rédíò Voice of America ló mú ohùn Ella Fitzgerald dé etí ẹ̀, ni jáàsì bá wọ̀ ọ́ lára. Kò pẹ́ tó fi ń kọrin pẹ̀lú Krzysztof Komeda. Ẹ wò ó, Komeda yìí kàwé dókítà, ọ̀fun àti etí ló kọ́ láti máa tọ́jú, kó tó di àgbà nídìí dùùrù!

Ó fẹ́ Michał Urbaniak, ẹni tó ń ta fáólìn tó sì ń fọn sasofóònù. Wọ́n jọ ṣeré káàkiri Scandinavia ní àríwá Yúróòpù, wọ́n sì kó lọ sí New York lọ́dún 1973.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí rèé. Nínú àwo Newborn Light, òun àti Adam Makowicz nìkan ni. Ìyẹn ń tẹ dùùrù, Urszula ń kọrin, àmọ́ ó ń gba ohùn ara ẹ̀ kọjá nínú ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn padà. Bó ṣe kọ ọ́ tán ni ẹ̀rọ á tún un kọ, òun náà á tún kọ òmíràn lé e lórí. Ó á dún bí fèrè, á dún bí ìlù, á ké bí ẹyẹ. Àwọn èèyàn máa ń yìn ín pé láti ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀ dé òkè, ó ju octave mẹ́rin lọ (octave kan ni láti dò kan dé dò tó tẹ̀ lé e). Lójú tèmi, bó ṣe ń fi ẹnu gbé ìlù ló ju gíga ohùn lọ.

Lẹ́yìn ọdún 1980, ó wà nínú Vocal Summit, ẹgbẹ́ akọrin kan, pẹ̀lú Bobby McFerrin, Jeanne Lee, Jay Clayton àti Lauren Newton. Ẹnu èèyàn márùn-ún, kò sí ohun èlò kankan.

Orin rẹ̀ "Papaya" ńkọ́? Inú àwo rẹ̀ Urszula ti ọdún 1975 ló wà. Ní 2007, òṣèré Edu Manzano fi jó lórí tẹlifíṣọ̀n ní Filipíìnì, ni gbogbo ìlú bá ń jó o. Orin dídùn ni, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n Newborn Light ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, kí ẹ sì fi earphone sí etí, torí ohùn rẹ̀ kan ń bẹ lábẹ́ òmíràn.